Ìdúró Ranpẹ́ Ààrẹ Lincoln ní Hanover Junction: Ẹ̀kọ́ Lórí Wíwádìí Ìròyìn

  

 

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí iṣẹ́ tèmi lọ́dún yìí dá lórí ìtàn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí Sókótó tàbí Ìlọrin. Ibòmíràn ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Hanover Junction. Ààrẹ Abraham Lincoln dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1863. Ẹ má bínú pé ibẹ̀ jìnnà. Àṣìṣe kan tó wà lọ́rùn mi ló gbé mi débẹ̀, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ní kí n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìtàn mọ́sálásí àdúgbò wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣáájú ńlá kan tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè ní ìlú wa, ó ṣe àlùwàlá lẹ́nu kànga wa, ó sì kírun ràkáà méjì lórí ẹní Lèmọ́mù. Ta ló sọ fún mi? Wọ́n ní ni. Ìwé náà jáde, àwọn ènìyàn rà á, inú gbogbo wa dùn. Ó di ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ẹni tó máa ń fi àsíá àti fìtílà dá ọkọ̀ dúró, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ààfáà kékeré, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ náà ò dúró o. Ọwọ́ ló jù sí wa láti ojú fèrèsé, ó sì kọjá." Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?" Wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn tí mo ti ilé kéwú bọ́ sí yunifásítì, tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo bá ìtàn Hanover Junction pàdé. Mo wá rí i pé ohun tó ṣe wá ti ṣe àwọn náà rí.

IBI TÍ HANOVER JUNCTION WÀ

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló wà, ní àgbègbè York, nǹkan bíi máìlì 45 sí àríwá ìlú Baltimore. Kì í ṣe ìlú ńlá. Oríta ojú irin ni, gẹ́gẹ́ bí Ìfọ̀ ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà kan, níbi tí ojú irin Ìdògò ti yà kúrò lára èyí tó ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ojú irin ilé iṣẹ́ Northern Central ló ń ti Baltimore lọ sókè sí Harrisburg, olú ìlú Pennsylvania. Ní Hanover Junction, òmíràn yà sí apá ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlú Hanover. Ọdún 1852 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 1858, wọ́n nà án dé Gettysburg. Láti oríta yìí dé Gettysburg tó nǹkan bíi máìlì 30.

Ilé alájà mẹ́ta kan ló wà níbẹ̀, tí àwọn èrò ń dúró sí. Wáyà tẹligíráàfù náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ààfin, kò sí ọjà ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ rélùwéè ti Washington dé Gettysburg nígbà náà, ibẹ̀ ni yóò gbà.

OGUN TÓ GBÉ ORÍTA NÁÀ SÓKÈ

Ní ọdún 1861 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 11 ní apá Gúúsù ló yapa, nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òwò ẹrú àti oko ẹrú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863, Lincoln kéde pé gbogbo ẹrú tó wà ní ilẹ̀ àwọn tó ń ṣọ̀tẹ̀ ti di òmìnira.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ara àwọn ẹrú wọ̀nyẹn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Omar ibn Said jẹ́ ọmọ Futa Toro, ní ibi tí à ń pè ní Sẹ̀nẹ̀gàl lónìí. Ọmọwé ni. Wọ́n kó o lẹ́rú dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1807. Ní ọdún 1831, ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1863 tí à ń sọ yìí, ó ṣì wà láàyè ní ìpínlẹ̀ North Carolina, arúgbó tó ti lé ní 90 ọdún, ó sì tún jẹ́ ẹrú. Ó kú ní ọdún 1864 láìtíì gba òmìnira. Ẹlòmíràn ni Muhammad Ali ibn Said, ọmọ Kúkáwá ní Borno, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Nicholas Said. Òun ní tirẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1863, ó di sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní 55th Massachusetts, ó sì bá apá Àríwá jà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjà àwọn òyìnbó nìkan ni.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1863, àwọn ẹlẹ́ṣin apá Gúúsù ya wọ Hanover Junction. Wọ́n dáná sun àwọn afárá ojú irin, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí ni ìjà Gettysburg bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà á, ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ 3 oṣù keje. Tí a bá ka àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí wọ́n mú àti àwọn tí a wá tì nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, wọ́n tó nǹkan bíi 51,000. Àwọn tó kú lójú ogun nìkan lé ní 7,000.

Ta ló wá là wọ́n? Lẹ́yìn Ọlọ́hun, àwọn tó ń tún afárá ṣe ni. Herman Haupt, ẹni tó mọ iṣẹ́ ojú irin dunjú, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe. Oúnjẹ àti oògùn gba ibẹ̀ wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fara gbọgbẹ́ gba oríta yẹn jáde lọ sí ilé ìwòsàn ní York, Baltimore, Harrisburg àti ibòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ÌRÌN ÀJÒ ÀÀRẸ

Lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣètò ibi ìsìnkú pàtàkì kan fún àwọn ọmọ ogun Àríwá tó kú sí Gettysburg. Lọ́yà kan ní ìlú náà, David Wills, ló wà nídìí ètò náà. Edward Everett, tó jẹ́ gbajúgbajà nínú ká sọ̀rọ̀ láwùjọ, ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ gan-an. Ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ni Wills tó kọ̀wé sí Ààrẹ pé kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ 19 ni ayẹyẹ.

Mínísítà tó wà fún ọ̀rọ̀ ogun, Stanton, ti ṣètò pé kí Ààrẹ gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an, kó sì padà nírọ̀lẹ́. Lincoln kò gbà. Ó ní bí ìdádúró díẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ó ní kí àwọn lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara ọmọ rẹ̀ kékeré, Tad, kò yá nílé, inú ìyá ọmọ kò sì dùn pé ó ń lọ, torí ọdún tó ṣáájú, 1862, ni ọmọ wọn mìíràn, Willie, kú.

Ọ̀sán ọjọ́ 18 ni wọ́n kúrò ní Washington nínú ọkọ̀ onílé mẹ́rin. Àwọn mínísítà mẹ́ta bá a lọ: Seward, Usher àti Blair. Àwọn akọ̀wé rẹ̀, John Nicolay àti John Hay, wà níbẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń bá a ṣe ìránṣẹ́, William Johnson, náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Baltimore, ẹṣin ni wọ́n fi fa àwọn ọkọ̀ náà gba àárín ìlú láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn. Ní oṣù kejì ọdún 1861, òru ni Lincoln gba ìlú yìí kan náà kọjá ní bòókẹ́lẹ́, torí wọ́n ní àwọn kan fẹ́ pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sán gangan ni.

Láti Baltimore wọ́n gba ojú irin Northern Central lọ sókè dé Hanover Junction. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ àwọn gómìnà tó ń ti Harrisburg bọ̀, tí Gómìnà Curtin ti Pennsylvania wà nínú rẹ̀, pàdé ti Ààrẹ níbẹ̀. Wọ́n dé, wọn ò bá ọkọ̀ àwọn gómìnà. Ọkọ̀ tiwọn ti ní ìdádúró lọ́nà, ilẹ̀ sì ti ṣú gan-an kí wọ́n tó dé Gettysburg lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ò rí i pé ohun tí Ààrẹ sọ nípa ìdádúró ló ṣẹlẹ̀ yìí! Ká ní àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ ló gbéra, tí nǹkan báyìí sì ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Wọn ò dúró dè wọ́n pẹ́. Wọ́n bọ́ sí ojú irin tó yà sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n lọ. Ní ìlú Hanover, ọkọ̀ dúró, Ààrẹ jáde, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn èrò. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọ Gettysburg, ó sì sùn sí ilé Wills.

Lọ́jọ́ kejì Everett sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Lincoln sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 270 lọ, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ń kọ́ sórí títí dòní. Everett fúnra rẹ̀ kọ̀wé yìn ín lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ 19 náà, ọkọ̀ Ààrẹ tún gba Hanover Junction padà. Ara rẹ̀ ò yá lójú ọ̀nà. Àìsàn tó jọ ìgbóná ni, ó sì yè é. Ṣùgbọ́n William Johnson, ìránṣẹ́ rẹ̀, ìgbóná mú un, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1864.

ÌRÒYÌN MÉJÌ TÓ YẸ KÁ YẸ̀ WÒ

Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ mọ bí àwọn onímọ̀ hádíìsì wa ti ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nítorí pé ó dùn. Wọ́n á bèèrè ẹni tó gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ, bóyá wọ́n pàdé, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ dúró. Àlùkùránì náà, nínú Súúrà 49, pa á láṣẹ fún wa pé ká wádìí ìròyìn kí a má baà kábàámọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé òṣùwọ̀n yìí lé ìtàn Lincoln.

Ìròyìn kìíní ni pé inú ọkọ̀ rélùwéè yẹn ni Ààrẹ ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, lórí bébà já-n-jàn-já kan. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yìn àpò lẹ́tà ni. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn yìí, ó sì dùn: ọkọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí i lọ́kàn bí òjò. Àwọn kan tilẹ̀ sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn rí i tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Nicolay, akọ̀wé rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1894 pé Ààrẹ kò kọ nǹkan kan lọ́nà. Ó ní Washington ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ilé Wills ló ti parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, òun sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé, "Ààfáà, ọdún 31 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ lòun náà tó sọ̀rọ̀." Òótọ́ ni, ìbéèrè gidi sì ni. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ẹlẹ́rìí kejì. Bébà náà ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀dà kan tí Nicolay tọ́jú ṣì wà ní Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba ní Washington. Ojú ewé kìíní, yíǹkì ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí bébà ọ́fíìsì Ààrẹ. Ojú ewé kejì, pẹ́ńsùlù ni, lórí bébà mìíràn. Ìyẹn bá ohun tí Nicolay sọ mu: ìbẹ̀rẹ̀ nílé, ìparí ní ibi tó dé sí.

Níbo wá ni ìtàn bébà já-n-jàn-já ti lókìkí tó báyìí? Ní ọdún 1906, obìnrin òǹkọ̀wé kan, Mary Raymond Shipman Andrews, kọ ìtàn àròsọ kan tó pè ní The Perfect Tribute. Ìtàn àròsọ ni o! Ṣùgbọ́n wọ́n tà á káàkiri, àwọn ọmọdé kà á, àwọn ọmọdé sì dàgbà. Báyìí ni àròsọ ṣe ń di ìtàn.

Ìròyìn kejì jẹ́ ti Hanover Junction gan-an. Fọ́tò àtijọ́ kan wà, ara àwọn èyí tí wọ́n kà kún ti ilé iṣẹ́ Mathew Brady, gbajúgbajà ayàwòrán ìgbà ogun náà. Ibùdókọ̀ náà hàn nínú rẹ̀, ọkọ̀ rélùwéè wà níwájú, àwọn ènìyàn dúró. Ọkùnrin gíga kan wà láàárín wọn tó dé fìlà gíga. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn kan kígbe pé, "Lincoln rèé!" Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Inú àwọn ará àgbègbè náà dùn, bí inú tiwa náà ti dùn sí ìwé tí mo kọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ọkùnrin náà kò hàn dáadáa. Fìlà gíga wọ́pọ̀ lórí àwọn ọkùnrin nígbà náà. Gíga ènìyàn nìkan kò sì tó láti fi mọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ tó yẹ àwòrán náà wò kò gbà pé Lincoln ni. Fífẹ́ tí a fẹ́ kó jẹ́ òun kò sọ ọ́ di òun.

ÌGBÀ ÌKẸYÌN TÓ GBA IBẸ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865, wọ́n yìnbọn fún Lincoln. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ọkọ̀ rélùwéè tó gbé òkú rẹ̀ kúrò ní Washington. Ó dé Baltimore, ó sì gba ojú irin Northern Central lọ sí Harrisburg. Nítorí náà ó tún gba Hanover Junction kọjá. Kò yà sí ìwọ̀ oòrùn mọ́, òkè ló kọrí sí. Ní ìparí ọdún 1865 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú pátápátá.

Ojú irin náà ṣiṣẹ́ lọ títí di ọdún 1972, nígbà tí omíyalé ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Agnes bà á jẹ́. Lónìí, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ti tún ilé ibùdókọ̀ náà ṣe, ó di ilé ìtọ́jú nǹkan ìtàn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ

Mo ní kí ẹ fi àwọn tó tún afárá ṣe sọ́kàn. Tí a bá yọ fọ́tò yẹn kúrò pátápátá, kí ló dín kù lára Hanover Junction? Kò sí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fara gbọgbẹ́ gbà lọ sí ìyè. Ká ní wọn ò tún àwọn afárá tí wọ́n sun ní oṣù kẹfà ṣe, ọkọ̀ Ààrẹ ò ní rí ọ̀nà gbà ní oṣù kọkànlá. Ọlá gidi nìyẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹni ńlá fi dúró síbìkan kò tó iṣẹ́ tí àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn fi ọdún púpọ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ń parọ́ láti gbé ibì kan ga, àbùkù ló ń fi kan ibẹ̀, torí ohun tó ń sọ ni pé òtítọ́ ibẹ̀ kò tó.

Mo padà sórí ìwé tèmi. Lójú gbogbo yín lónìí, mo fagi lé ohun tí mo kọ. Aṣáájú yẹn kò sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú wa. Kò ṣe àlùwàlá lẹ́nu kànga wa, kò sì kírun lórí ẹní Lèmọ́mù. Ohun tó yẹ kí n kọ nígbà náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló fi owó oṣù wọn ra páànù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan mọ́sálásí wa, àti pé bàbá tó pè mí sí kọ̀rọ̀ yẹn wà lára wọn. Mo ní i lọ́wọ́, mo fi sílẹ̀, mo lọ mú àlá. Bàbá náà ti di olóògbé. Kí Ọlọ́hun dá a sí Àlùjánńà.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ, ọjọ́ rẹ̀ sì pé lónìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wá àwọn àgbà tó kù. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí, kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún bi ẹnikẹ́ni nínú yín ní ìbéèrè tí bàbá yẹn bi mí.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jìn wá, kí Ó sì fi ẹnu wa sọ òtítọ́. Àmín.

Wassalaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuh.